Ọ̀RỌ̀ OLÓÒTÚ: ALÁDÙÚGBÒ RẸ NI ẸNI TÓ WÀ NÍSÀLẸ̀ ODÒ

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó tún jẹ́ kí ojú wa rí àsìkò òjò mìíràn. Òjò ìbùkún ni yóò jẹ́ fún wa, kò ní di òjò ẹkún. Àmín. Ṣùgbọ́n àdúrà tí a ṣe "àmín" sí pẹ̀lú ohùn gíga yìí, ó ní apá tí Ọlọ́run máa ṣe, ó sì ní apá tí àwa náà gbọ́dọ̀ ṣe. Apá tiwa ni ọ̀rọ̀ olóòtú dá lé lórí nínú ìwé ìròyìn wa ti oṣù yìí.

Bí òjò bá ti ṣú ní àdúgbò wa, láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, láti ẹsẹ̀ òkè Mápó wọ inú Bẹyẹrúnká, ohun kan wà tí gbogbo wa máa ń rí. Bí àgbàrá bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, ilẹ̀kùn á máa ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan á gbé bèsì jáde, ẹnì kan á gbé apẹ̀rẹ̀, ọmọdé kan á wọ́ àpò ìrẹsì àtijọ́ tó kún fún pàǹtírí. Wọ́n á dà á sínú àgbàrá, wọ́n á dúró díẹ̀ títí omi á fi gbé e lọ, wọ́n á sì padà wọlé. Ilé ti mọ́. Ojúde ti mọ́. Ọ̀rọ̀ ti tán.

Ṣé lóòótọ́ ni ọ̀rọ̀ ti tán? Níbo ni omi gbé e lọ?

ÌLÚ ORÍ ÒKÈ

Orí òkè àti ẹsẹ̀ òkè ni àwọn baba wa tẹ àárín ìlú Ìbàdàn dó sí. Ẹni tó bá dúró níwájú Gbọ̀ngàn Mápó, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929, tó sì wo ìsàlẹ̀, òrùlé páànù ni yóò rí lọ títí tí ojú kò fi ní ríran mọ́. Agboolé kan fara ti èkejì, ojúde ẹnì kan sì ni ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn. Láyé àtijọ́ tí òrùlé jẹ́ koríko, tí àyè sì wà láàrin ilé sí ilé, ilẹ̀ máa ń mu nínú òjò. Lónìí, òjò tó bá rọ̀ sórí páànù, sórí sìmẹ́ǹtì àti sórí títì ọlọ́dà kò ríbi wọlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ń sáré lọ sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gọ́tà ló yẹ kó gbà á, kí gọ́tà sì gbé e fún odò Kúdẹtì tàbí odò Ògùnpa. Bí gọ́tà bá dí, ojú títì ni omi yóò gbà. Bí ojú títì bá kún, yàrá àwọn ènìyàn ló kàn.

Àwọn àgbà ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ní ìlú olókè bíi tiwa, òwe yìí ti yí padà. Ẹni tó da eérú wà lókè, ilé rẹ̀ gbẹ, ara sì tù ú. Ẹni tí eérú tọ̀ lọ wà nísàlẹ̀ odò. Kò mọ ẹni tó da eérú, ẹni tó da eérú kò sì mọ̀ ọ́n. Bóyá opó ni. Bóyá abiyamọ tó gba yàrá kan létí odò ni, nítorí pé owó ilé ibẹ̀ nìkan ni agbára rẹ̀ ká.

Kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ìlú wa kò mọ ohun tí omi lè ṣe. Odò Ògùnpa ti kún ṣe ọṣẹ́ ní 1963, ó sì tún ṣe é ní 1978. Nígbà tó wá di ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ tí àwa onígbàgbọ́ ń wọ aṣọ funfun lọ sílé Ọlọ́run, odò yìí bo bèbè rẹ̀, ó sì ya wọ ìgboro. Ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó gbé ọmọ mọ́ ìyá. Àwọn tó kú lé ní 200. Olóògbé Bọ́lá Ìgè ni gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà náà, gbogbo orílẹ̀-èdè ló sì bá Ìbàdàn ṣọ̀fọ̀. Títí di òní, bí àwọn àgbà wa bá gbọ́ orúkọ Ògùnpa, ọdún yẹn ló máa ń sọ sí wọn lọ́kàn.

Ọdún 31 kọjá. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìjàm̀bá náà ti di bàbá àti ìyá ọmọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 187.5 rọ̀ láàrin wákàtí díẹ̀. Afárá Apẹ́tẹ̀ wó. Omi wọ oko ẹja àti ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn tó kú lé ní 100. Oṣù kẹjọ kan náà, ìlú kan náà, ọ̀fọ̀ kan náà. Lẹ́yìn èyí, ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 200 dọ́là láti bá Ìbàdàn wá nǹkan ṣe sí omíyalé. Owó tí àwọn ọmọ wa yóò san padà nìyẹn. Bí wọ́n bá fi la ojú omi ní àárọ̀, tí àwa sì da pàǹtírí dí i ní alẹ́, kí ni ó ṣẹ́ kù tí owó lè ṣe?

TA LÓ KÓ Ọ̀RÁ SÍ GỌ́TÀ?

Bí irú ìjàm̀bá bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, àwọn kan á ní odò ló ń bínú nítorí pé a kò bọ ọ́ mọ́. Àwa onígbàgbọ́ kò gba ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwa náà ní tiwa. A máa ń sọ pé iṣẹ́ ọ̀tá ni, a óò dè é, a óò sì lé e jáde. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Àdúrà ni èémí wa, a kò sì ní dákẹ́ àdúrà. Àmọ́ kò sí ẹ̀mí òkùnkùn tó ra píọ̀wọ́tà mu ní Bẹẹrẹ, tó sì sọ ọ̀rá rẹ̀ sí gọ́tà. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló ṣe é. Nígbà mìíràn, ẹni tó ṣe é ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsọ́ òru dé ni.

Àpọ́sítélì Pétérù sọ fún wa pé inú ilé Ọlọ́run ni ìdájọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ (Pétérù Kìn-ín-ní 4:17). Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé wa. Bí a bá ṣe ìkórè, ìgbéyàwó tàbí ìkómọjáde, mélòó ni ike oúnjẹ, ọ̀rá omi àti ìgò mínírà tó máa ń ṣẹ́ kù? Àwọn agbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì á gbá inú ilé Ọlọ́run títí yóò fi máa dán. Wọ́n á nu pẹpẹ, wọ́n á to àga. Lẹ́yìn náà, ní àwọn ibì kan, gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n á gbá gbogbo rẹ̀ sí. Ẹni tó ń kọjá lọ rí wa. Ó gbọ́ orin wa láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì rí ohun tí a gbá sí gọ́tà. Èwo nínú méjèèjì ni ẹ rò pé yóò gbà gbọ́?

OHUN TÍ ÌWÉ MÍMỌ́ SỌ

Nínú Ìhìnrere Lúùkù orí 10, amòfin kan bi Jésù léèrè pé ta ni aládùúgbò òun. Olúwa kò ka orúkọ agboolé kankan fún un. Ìtàn ọkùnrin kan tí àwọn ọlọ́ṣà lù ní àlùbolẹ̀ lójú ọ̀nà Jẹ́ríkò ló sọ fún un. Àlùfáà rí i, ó kọjá lọ. Ọmọ Léfì rí i, ó kọjá lọ. Àwọn méjèèjì kò lù ú, wọn kò sì jà á lólè. Kíkọjá tí wọ́n kọjá lọ ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Ẹ̀yin ará mi, bí ẹni tó kan kọjá lọ bá jẹ̀bi, kí ni a ó sọ nípa ẹni tó wà nínú àwọn tó bi aládùúgbò rẹ̀ ṣubú?

Ẹ ka ìwé Ìsíkíẹ́lì orí 34, ẹsẹ 18 àti 19. Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti ń bá àwọn àgùntàn tó sanra wí. Wọ́n mu omi tó mọ́, ìyẹn kò tó wọn, wọ́n tún fi ẹsẹ̀ rú èyí tó kù, tó fi jẹ́ pé omi ẹlẹ́rẹ̀ ni àwọn àgùntàn yòókù ń rí mu. Ẹ kíyè sí i dáadáa. Ọlọ́run kò bá wọn wí nítorí pé wọ́n mu omi. Ohun tó bí I nínú ni pé wọ́n rò pé ibi tí òùngbẹ tiwọn parí sí ni ọ̀rọ̀ parí sí.

Nínú Diutarónómì orí 22 ẹsẹ 8, òfin kan wà fún ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun. Ó gbọ́dọ̀ mọ ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má bàa jábọ́ láti orí rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa wà lórí ilé náà. Ọlọ́run tó ń gbọ́ orin wa ló ń bójú tó bí a ṣe mọ ògiri. Lójú Rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹni tí àìbìkítà mi pa kò yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ jíhìn fún.

BÍ ÌHÌNRERE ṢE DÉ Ọ̀DỌ̀ WA

Ẹ jẹ́ ká rántí bí ìhìnrere ṣe kọ́kọ́ wọ ìlú yìí. Ní 1853, Àlùfáà David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ Anna wá fi Ìbàdàn ṣe ibùgbé. Kúdẹtì ni wọ́n tẹ̀dó sí, ilé amọ̀ ni wọ́n gbé, ilé amọ̀ ni wọ́n sì kọ́ fún ìjọsìn. Àwọn ọmọ ìlú, títí kan ọmọ àwọn olóyè, gbé lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń kọ́ ìwé kíkà. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, tí ọ̀nà etí òkun dí, ebi wọ ilé náà. Wọ́n ń ta ẹrù ilé wọn láti fi ra oúnjẹ fún ara wọn àti àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn. Àwọn ará Ìbàdàn ìgbà náà kò tíì lè ka Bíbélì. Ìwà àwọn tó mú Bíbélì wá ni wọ́n kọ́kọ́ kà. Ó sì yẹ kó dùn wá pé odò Kúdẹtì tí ilé ìjọsìn àkọ́kọ́ wà nítòsí rẹ̀ ni a ń da pàǹtírí sí lónìí.

Ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n dé Ìbàdàn, ní 1854, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò Soho ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ó pa ènìyàn tó lé ní 600. Dókítà John Snow sọ pé inú omi ẹ̀rọ kan ládùúgbò náà ni àrùn náà wà. Àlùfáà ọ̀dọ́ kan, Henry Whitehead, kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ó mọ àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ nílé-nílé, ó sì ń wọ ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti béèrè ta ló mu omi náà, ta ni kò mu ún. Òun ló wá rí i pé ilé kan tó sún mọ́ ẹ̀rọ náà ni ọmọ ọwọ́ kan ti ṣàìsàn, tí wọ́n sì da omi tí wọ́n fi fọ ìlédìí rẹ̀ sí kòtò ìdọ̀tí tó wà nítòsí kànga. Ìyá ọmọ náà kò ní ẹ̀tanú sí ẹnikẹ́ni. Ó kàn da omi ìdọ̀tí nù ni, bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe. Whitehead gbàdúrà fún àwọn aláìsàn, ó sì sin òkú. Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Ó tọpa omi débi tó ti bàjẹ́. Irú pásítọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Ìbàdàn ń wá.

ÌJỌBA ŃKỌ́?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa sọ pé, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ìjọba nìyẹn." Òtítọ́ ni, a kò sì ní gbè sẹ́yìn ìjọba lórí rẹ̀. Ọkọ̀ akólẹ̀kódọ̀tí kò lè wọ inú agboolé wa, nítorí pé ọ̀nà há. Ìyá tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ Bẹyẹrúnká kò lè ru pàǹtírí rẹ̀ dé ààtàn Ajákáńgà. Ó yẹ kí ìjọba gbé àpótí ìdọ̀tí sí ẹnu ọ̀nà àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì máa kó o ní ọjọ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀, kó tó kún dànù sójú títì. Ó yẹ kí wọ́n kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí a bá sin òkú tán. Kíké fún èyí kì í ṣe ọ̀tẹ̀. Gbígbẹnusọ fún ẹni tí kò lẹ́nu wà nínú ìsìn wa.

Ṣùgbọ́n ta ni ìjọba? Òṣìṣẹ́ ìjọba ni èmi náà, mo sì mọ bí fáìlì ṣe ń rìn. Ẹnì kan fẹ́ kọ́lé sétí odò. Òfin ní kó fi àyè sílẹ̀ láàrin ilé àti omi. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé mọ̀, ẹni tó fẹ́ fọwọ́ sí i náà mọ̀. Owó á gba abẹ́ tábìlì kọjá, òǹtẹ̀ á bọ́ sórí ìwé, ilé á dúró sójú ọ̀nà omi. Lọ́jọ́ tí omi bá dé, kì í ṣe ilé yẹn nìkan ló ń wó. Omi tí kò rí ọ̀nà rẹ̀ gbà máa ń ya sí ilé aláìṣẹ̀. Bí ẹni tó lu òǹtẹ̀ yẹn bá jẹ́ ọmọ Ọlọ́run, tábìlì yẹn ni pẹpẹ rẹ̀, ibẹ̀ ni Ọlọ́run sì ti ń wo ẹbọ rẹ̀. Ìdámẹ́wàá owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kò lè fọ owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀ mọ́.

Àwọn àgbà tún sọ pé àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Onílé ni àwa. Àwọn àgbà wa rántí àwọn wolé-wolé tó máa ń yẹ ìkòkò omi wò bóyá tanwíji wà níbẹ̀, tí gbogbo ilé á sì di mímọ́ nítorí ìbẹ̀rù wọn. A rántí ìjọba Buhari àti Idiagbon láàrin 1984 sí 1985, nígbà tí wọ́n fi tipátipá mú ìmọ́tótó àyíká wọlé, tí àwọn ọmọ ogun sì ń ṣọ́ wa. Nígbà tí ẹ̀rù lọ, ìmọ́tótó bá a lọ. Ìwà tó jẹ́ pé ẹ̀rù ni ó gbé e ró kì í pẹ́. Ìfẹ́ ló yẹ kó gbé tiwa ró, nítorí pé Ẹni tó rí wa kì í lọ sílé.

KÍ NI KÁ ṢE?

Ìdí nìyí tí a fi ń rọ gbogbo ẹ̀ka ìdàpọ̀ wa láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan mẹ́rin yìí.

Èkínní, kí ilé ìjọsìn kọ̀ọ̀kan mọ ibi tí pàǹtírí rẹ̀ ń lọ. Kí pásítọ̀ fúnra rẹ̀ béèrè, kó má fi sọ́rùn agbálẹ̀ nìkan. Bí a bá lè dá owó fún ẹ̀rọ gbohùngbohùn, a lè dá owó fún akólẹ̀kódọ̀tí.

Èkejì, kí á ya ike àti ọ̀rá sọ́tọ̀ kúrò lára èépá iṣu àti ewé. Èépá àti ewé máa ń jẹrà. Ewé ẹ̀kọ tí àwọn ìyá wa jù sí ààtàn ti di ilẹ̀ tipẹ́. Ọ̀rá kì í jẹrà bọ̀rọ̀, òun ló sì ń so mọ́ ara rẹ̀ dí ẹnu gọ́tà. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ra ike àti ọ̀rá lọ tún yọ́. Àwọn ọ̀dọ́ wa tí kò tíì ríṣẹ́ lè máa kó o fún wọn, kí wọ́n sì rí nǹkan mú délé.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe é lẹ́yin nìkan. Gọ́tà tó gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kọjá ló gba iwájú mọ́ṣáláṣí kọjá. Ọ̀pọ̀ aládùúgbò wa láyìíká Ọjà'ba jẹ́ Mùsùlùmí, ìmọ́tótó sì ṣe pàtàkì nínú ẹ̀sìn tiwọn náà. Ẹ lọ bá mọ́gàjí agboolé yín, ẹ lọ kí ìyálọ́jà, ẹ lọ jókòó ti ìmáàmù. Ẹ yan Sátidé kan lóṣù kí gbogbo yín jọ kó gọ́tà. Ẹ má gbé ìwé àṣàrò dání lọ́jọ́ náà, ṣọ́bìrì ni kí ẹ gbé dání. Bí wọ́n bá bi yín pé kí ló dé, ẹ óò ti ní ohun tí ẹ máa sọ.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, kí ẹ dárúkọ gọ́tà tó dí àti ibi tí kò ti sí àpótí ìdọ̀tí. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì tọ̀ ọ́ lẹ́yìn títí wọn á fi dáhùn.

Bí òjò bá tún ṣú, tí àgbàrá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, tí ọmọ rẹ bá gbé bèsì pàǹtírí sọ́wọ́, pè é padà. Bi í pé, "Ta ló wà nísàlẹ̀ odò?" Jẹ́ kó mọ̀ pé ènìyàn ló wà níbẹ̀, pé Jésù kú fún ẹni náà pẹ̀lú, àti pé ìdí nìyẹn tí bèsì yẹn yóò fi dúró sílé títí di ọjọ́ tí wọ́n á wá kó o.

Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tó ń rí ẹni tí ojú kò rí. Kí Ó pa Ìbàdàn mọ́, ní òkè àti ní ìsàlẹ̀. Kí omi ọdún yìí wá, kó sì lọ ní àlàáfíà. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.